Ìgò Abẹ́ Fìlà

Ọkùnrin gíga kan wọ ilé àyẹ̀wò kan ní Mowé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò dé fìlà sórí, àyà ló gbá fìlà náà mọ́ bí ẹni gbé ẹyin. Sọ̀fíyátù, tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ níbẹ̀, wò ó títí.

“Brọ̀dá, kí lẹ fi fìlà bò?”

“Ìtọ̀ mi ni, Àǹtí. Ọ̀gá wa ní Arépo ló ní ká wá ṣe tẹ́ẹ̀sì ká tó gun òrùlé. Láti Ìbàfò ni mo ti ń gbé e bọ̀ nínú mọ́tò.”

“Ta ló ní kẹ́ ẹ tọ̀ ọ́ wá láti ilé? A ní ilé ìtọ̀ níbí.”

Ojú ti ọkùnrin náà, Mọ́nsúrù lorúkọ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìtìjú yẹn ló kó bá ọmọbìnrin náà. Ẹ ò rí i pé ìfẹ́ kì í yan ibi tó máa gbà wọlé? Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni wọ́n ń sọ.

Ìyá Sọ̀fíyátù ni kò tíì gbà. Àgbo ló ń tà ní Ìfọ̀, “Káfíńtà” ló sì ń pe Mọ́nsúrù, bí ẹni tí kò lórúkọ. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí Mọ́nsúrù bá lọ kí i, ife àgbo ńlá ló máa ń gbé fún un. Ọmọ Ìwó ni Mọ́nsúrù, wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé àna kì í gbé nǹkan fúnni ká kọ̀ ọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé oògùn ara ríro lòun fi ń tẹ̀lé e, nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún lórí òrùlé nínú oòrùn.

Nígbà tó yá, àyẹ̀wò tuntun dé sí Mowé. Ó ń wá àmì kan nínú ìtọ̀, tó máa ń yọjú bí kíndìnrín bá ti ń farapa, kí ẹ̀jẹ̀ tó mọ̀ rárá. Sọ̀fíyátù ń wá ẹni tára rẹ̀ le tó máa fi dán an wò. Ta lara rẹ̀ tún le ju ti olólùfẹ́ rẹ̀ lọ?

“Olówó orí mi, dé fìlà rẹ sórí lọ́tẹ̀ yìí o,” ló wí, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀jẹ̀ Mọ́nsúrù dára. Ìtọ̀ rẹ̀ kò dára. Sọ̀fíyátù tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, àmì náà ò lọ. Ó fa Mọ́nsúrù lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

“Àmọ́ kò síbi tó ń dùn mí,” ni Mọ́nsúrù ń sọ ṣáá fún dókítà.

“Ìyẹn gan-an ló ń bani lẹ́rù,” dókítà dá a lóhùn. “Àgbo, oògùn ara ríro àti òùngbẹ inú oòrùn ti pawọ́ pọ̀ lu kíndìnrín rẹ. Orí ló kó o yọ.” Ó dá a dúró sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fa omi sí i lára.

Mọ́nsúrù di ọwọ́ Sọ̀fíyátù mú. “Jọ̀ọ́, má sọ fún Màmá. Tí mo bá kọ àgbo wọn, wọ́n á ní mi ò fẹ́ ọmọ wọn.”

“Tó o bá kú ńkọ́, ta ni màá fẹ́?”

Sọ̀fíyátù wọkọ̀ lọ sí Ìfọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bí ìyá rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ tán, ọmọrí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Sọ̀fí, èmi ni mo fẹ́ pa á? Ogún ọdún ni mo ti ń ta àgbo, kò pa ẹnikẹ́ni.”

“Màmá, nínú gbogbo wọn, ta lẹ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò rí?”

Ìyá bu omi pa iná abẹ́ ìkòkò. Ìkòkò rẹ̀ kò gun iná lọ́sẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ karùn-ún, àmì náà ti lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì bàjẹ́. Wọ́n ní kí Mọ́nsúrù máa lọ sílé. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá náà ní Ìfọ̀. Ife ńlá yẹn náà ni ìyá tún gbé síwájú rẹ̀. Sọ̀fíyátù, tó bá a wá, na ọwọ́ láti gbà á. Mọ́nsúrù yọjú wo inú ife.

“Omi ni,” ìyá wí. “Mu ún, ọkọ ọmọ mi.”

Mọ́nsúrù gbé ife náà, kò lè mu ún, omijé ti dé. Ìyá ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn rẹ̀, ó yọ ìgò kékeré kan tó ṣì lọ́ wọ́rọ́, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

“Èmi náà ń mu nínú àgbo yẹn láàárọ̀ lálẹ́. Bá mi yẹ tèmi náà wò, ká tó mú ọjọ́ yìgì.”

Sọ̀fíyátù kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.