Pátákó Iwájú Ilé Kóòṣì

Èmi ni mo ri pátákó náà mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Èmi Lottie Hudak, arúgbó tí orúnkún rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, mo gbé pátákó ILÉ YÌÍ WÀ FÚN TÍTÀ mọ́ abíyá, mo la ìkùukùu àárọ̀ kọjá, mo fi òòlù kàn án mọ́ koríko iwájú ilé ọkùnrin tí kò tíì pàdánù ìdíje kan ṣoṣo. Nígbà tí mo yí padà kí n sá lọ, ìṣó kan lára rẹ̀ gbá ṣòkòtò mi mú nídìí, ó ya fàà. Òtútù wọlé láìkanlẹ̀kùn. Bí Ọlọ́run bá ń wò mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ dákun, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló sọ mí di wèrè. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ẹ̀rù náà.

Ní ìlú wa létí odò Ohio, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí pátákó yẹn ń wí. Bí Àwọn Alágbẹ̀dẹ, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, bá ń fìdí rẹmi, àwọn kan á lọ ri pátákó síwájú ilé olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá: kó ẹrù rẹ, a ò fẹ́ ọ mọ́. Gene ọmọ mi ṣe iṣẹ́ kóòṣì yẹn rí, kiri ìlú kan dé òmíràn. Ní ilé tó gbé kẹ́yìn, Corinne ọmọ rẹ̀, tí eyín wàrà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ló kọ́kọ́ jí rí pátákó lórí koríko. Ó fà á tu, ó wọ́ ọ lọ sẹ́yìn ilé, ó sì jókòó lé e lórí kí bàbá rẹ̀ má baà rí i. Ìyá rẹ̀ kò bá wọn kó ẹrù lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀nà tirẹ̀ ló gbà lọ. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ náà dàgbà sí.

Mo máa ń sọ fún un pé, "Corrie, fẹ́ panápaná. Fẹ́ asínkú. Fẹ́ ẹni tó ń kó ìgbẹ́ ẹṣin, a ó máa fọ̀ ọ́. Má ṣáà fẹ́ kóòṣì."

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí ó yàn. Ọ̀dọ̀ Àwọn Alágbẹ̀dẹ yẹn náà ló lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wo àwọn ọmọ yunifásítì tí ń ju bọ́ọ̀lù, kí ó sọ èyí tó yẹ kí ẹgbẹ́ mú lọ́jọ́ ìṣàyàn, ọjọ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ máa ń yan àwọn ọmọ tuntun lọ́dọọdún. Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, ti Amẹ́ríkà tí a ń fi ọwọ́ jù, ajubọ́ọ̀lù kan ló ru gbogbo ẹgbẹ́ sórí. Bí o bá yan èyí tó dára, ìlú á jó. Bí o bá yan èyí tí kò dára, ìlú á ra pátákó.

Oṣù Kìn-ín-ní ni òun àti ọkùnrin tí mo ri pátákó síwájú ilé rẹ̀ pàdé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá àná ni, yìnyín sì ń já bọ́ bí ìyẹ̀fun. Corinne jáde síbi ìgbọ́kọ̀sí láti mú ife tíì rẹ̀, ó bá rí ọkùnrin dúdú kan, gíga bí òpó iná, tó wọ kóòtù tó dán gbinrin, tó fi ọwọ́ kan di ọkọ̀ Corinne mú, tó ń bì sára táyà.

Corinne dúró títí ó fi ṣe tán. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Táyà yẹn ló ṣẹ̀ yín ni, àbí èmi?"

Ọkùnrin náà nàró. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi wà nínú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni mo wá ṣe."

"Fún iṣẹ́ olórí kóòṣì?"

"Òun ni."

"Háà, kò burú. Ẹ̀rù tó yẹ kó bà yín ló ń bà yín."

Ó rẹ́rìn-ín. Desmond Pruitt lorúkọ rẹ̀. Igbákejì ló ń ṣe láti ìgbà tó ti wọ iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó pè é wá fún ipò olórí rí. Corinne fún un ní tíì, ó wo ọrùn rẹ̀. "Ẹ tú táì yẹn. Èébì ti kàn án."

Ó tú u, ó nà án sí i. "Bí wọn ò bá gbà mí, ẹ jù ú nù. Bí wọ́n bá gbà mí, màá wá gbà á."

Ọ̀gbẹ́ni Thurlow ló ni ẹgbẹ́ náà, bàbá olówó kan tí irun imú rẹ̀ gùn ju sùúrù rẹ̀ lọ. Ó bi Desmond pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Àwọn tó ti wọlé ṣáájú ti dáhùn pé kò sí nǹkan kan. Desmond ní, "Gbogbo nǹkan ni, sà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń múra sílẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ." Wọ́n gbà á.

Ó wá gba táì rẹ̀. Corinne ní, "Mo fọ̀ ọ́. Kò tíì gbẹ."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún wá. "Kò tíì gbẹ." Oṣù Kejì parí, táì kò gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn èèyàn rí, ẹ mọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń wo fíìmù bọ́ọ̀lù ni ìfẹ́ wọn ti jinlẹ̀. Trey Halvorsen ni ọmọ ajubọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ rẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n sì ń wo bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń dá fíìmù padà, tí wọ́n tún ń wò ó.

Desmond ní, "Ẹ wo ọwọ́ yẹn! Bọ́ọ̀lù ń fò kúrò níbẹ̀ bí ẹyẹlé."

"Ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀. Ojú ni kí ẹ wò."

Desmond wo ojú. Bí alátakò bá ti sún mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ojú rẹ̀ á kúrò lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó yẹ kó ju bọ́ọ̀lù sí, á wálẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bọ̀ wá gbá a. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi orí rẹ̀ gbá ilẹ̀, tí wọ́n gbé e kúrò lórí pápá, ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Desmond rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀rù ń ba ọmọ yìí."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ẹni tó bì sára táyà á mọ ẹgbẹ́ rẹ̀."

Corinne gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn. "Desmond," ni ó wí, "ọwọ́ rẹ tutù." Ọjọ́ yẹn ni "ẹ" kú láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n Thurlow ti lọ wo Halvorsen nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀, lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ náà ń ṣàfihàn ara wọn. Abẹ́ òrùlé ni, kò sí atẹ́gùn, kò sí alátakò, gbogbo jíjù ni wọ́n ti fi dánrawò. Bàbá náà padà dé bí ẹni tó jẹ oògùn ìfẹ́. Ó pe Desmond, ó ní, "Ọmọ yẹn ni mo fẹ́. Kóòṣì tí kò bá fẹ́ ẹ, èmi náà ò fẹ́ ẹ."

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Corinne mú Desmond wá jẹun nílé mi. "Màmá àgbà, ọ̀rẹ́ mi nìyí." Mo ti rí ojú yẹn nínú tẹlifísọ̀n. Ìpọnbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi sínú ọbẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Òórùn oúnjẹ yín ti pàdé mi lójú títì."

"Jókòó," ni mo wí. Mo bu ẹran tí a fi kábéèjì dì fún un, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù mú mi tí mo fi jẹ ìyókù inú ìkòkò tán. Mo ń wo bí Corinne ṣe ń wò ó. Ojú tí ìyá rẹ̀ fi wo Gene níjọ́sí ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ ra pátákó.

Pátákó náà ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Corinne dé láti wá gbé Desmond, ife kọfí méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí i. Ó dúró sójú kan títí kọfí fi ń dànù sára bàtà rẹ̀.

Desmond sáré jáde. "Corrie mi, pátákó lásán ni."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti jókòó lé e rí."

"Jẹ́ kí n fà á tu."

"Wọ́n á ri òmíràn. Desmond, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè máa jí láràárọ̀ kí n kọ́kọ́ yọjú wo koríko."

Ó gbé ife tirẹ̀ fún un, ó lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni Corinne ti ń wọlé sí ilé wa lálẹ́ láìjẹun. Mo ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ nílé ìwẹ̀, ó ṣí omi kí n má baà gbọ́. Èmi ni mò ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́ tèmi, tí mo ń sunkún sórí rẹ̀, tí mo sì ń sanra. Ahọ́n mi wúwo, n kò lè jẹ́wọ́. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé bí ó bá mọ̀, òun náà á kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi.

Ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ ìṣàyàn pé, Thurlow kó Desmond àti Corinne lọ wo Halvorsen lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn méjèèjì kò wo ojú ara wọn nínú ọkọ̀ òfurufú. Ọmọ náà ju bọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ ń lọ sójú àmì. Thurlow ń rẹ́rìn-ín.

Ni Desmond bá ní kí wọ́n mú ìgbálẹ̀ gígùn wá. Kò sí kóòṣì tí kì í lo ìgbálẹ̀: a máa ń gbé e sókè sáré tọ ajubọ́ọ̀lù lọ, bí ọwọ́ alátakò, kí ó lè jù ú kọjá lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Desmond kò gbé tirẹ̀ sókè. Ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó sáré, ó darí rẹ̀ sí orúnkún.

Ìgbálẹ̀ kò kan ọmọ náà. Ó di ojú, ó ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó wólẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí.



"Mo máa ń lálàá ọjọ́ tí wọ́n gbá orí mi mọ́lẹ̀, sà," ni Trey wí láti ilẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá mi."

Desmond kúnlẹ̀ tì í. "Lọ́jọ́ tí mo wá wá iṣẹ́, mo bì sára ọkọ̀ obìnrin yìí. Bi í léèrè." Ó gbé ojú sókè sí Thurlow. "Sà, a kò gbọdọ̀ mú un lọ́dún yìí. Ìsinmi àti dókítà ló nílò. Corinne ti rí i ṣáájú gbogbo wa."

Ojú bàbá náà pọ́n bí tòmátì. "Ṣé o mọ ohun tí o fi ń ṣeré?"

"Iṣẹ́ mi ni, sà. Mo mọ̀ ọ́n." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. "Ṣùgbọ́n n kò ní fi ọmọ ọlọ́mọ sanwó ilé mi."

Corinne rìn sọ́dọ̀ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ Desmond, nítorí pé ọwọ́ yẹn kò lè dì í mú mọ́.

Lọ́jọ́ ìṣàyàn, ọmọkùnrin fìrìgbọ̀n kan láti Iowa ni wọ́n mú, ọ̀kan lára àwọn tí ń ṣọ́ ajubọ́ọ̀lù. Ìlú pòṣé. Thurlow kò lé Desmond. Ohun tó sọ kò ju pé, "A ó rí i nígbà tí ewé bá ń já," ìyẹn lásìkò ìdíje. Èmi ì bá yàn kí ó lé e lọ́jọ́ yẹn ju kí ó sọ gbólóhùn yẹn lọ.

Ọjọ́ kejì, Desmond kan ilẹ̀kùn mi, pátákó wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mo mú ẹrù yín wá."

"Ẹrù wo? Èmi kọ́!"

Ó tọ́ka sí ìṣó. Àjákù aṣọ olódòdó kan há síbẹ̀. "Ṣòkòtò yìí ni ẹ wọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bu oúnjẹ fún mi."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti àárọ̀ yẹn, mà."

"O kò sì sọ fún un? Ìwọ dìndìnrìn yìí, ó fi ọ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀!"

"Ẹ̀yin nìkan lẹ kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀ rí, mà. N kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Mo lọgun pe Corinne sọ̀kalẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì yí ẹ̀yìn padà kí ó rí ibi tí mo lẹ̀ lára ṣòkòtò mi. Ó kọ́kọ́ bínú débi pé ètè rẹ̀ funfun. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín di ẹkún.

Desmond ní, "Corrie, n kò lè búra pé wọn ò ní ri òmíràn. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rì í, àwa méjèèjì la ó jọ jókòó lé e."

Corinne jáde lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tó padà, táì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fà á yí ọrùn ọkùnrin náà ká, ó ta á ní kókó.

"Ó ti gbẹ," ni ó wí.

Oṣù Kẹfà ni wọ́n ṣègbéyàwó lẹ́yìnkùlé mi. Gene wá láti ọ̀nà jíjìn, ó di Desmond mú lọ́wọ́ pẹ́, kò lè sọ̀rọ̀. Tábìlì kò tó, mo bá gbé pátákó náà lé àgbá méjì, mo dojú ìkọ̀wé rẹ̀ dé, mo tẹ́ aṣọ funfun lé e, mo sì gbé kéèkì kalẹ̀ sórí rẹ̀. Àwa mẹ́ta nìkan la mọ̀. Nígbàkigbà tí a bá kọjá níbẹ̀, a ó máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wa.

Ọ̀gbẹ́ni Thurlow náà wá. Ó jẹ kéèkì, ó ní ó dùn, ó tún bù sí i. Bó ṣe ń bù ú ni fọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Kí n tó lè pariwo pé kí ó fi sílẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti gbé etí aṣọ funfun sókè, orí rẹ̀ ti wọlé sábẹ́.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Corinne wá ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì dì í mú.

Bàbá náà yọ orí jáde díẹ̀díẹ̀, fọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó wo èmi, ó wo Desmond, ó wá wo àwọn ewé tútù orí igi mi.

"Ìyáàfin Hudak," ni ó wí, "ilé ta ni wọ́n fẹ́ tà?"