Ògúnná Lórí Ọwọ́ Ọ̀ṣúndé

Ní àsìkò kòkó ọdún 1954, kò sí olóko tó ń fọ́nnu tó Dúrójaiyé ní Odode, Ìdànrè. Ó ní òun kì í mutí, òun kì í jalè, nítorí náà kí àwọn oníwàásù lọ wá ẹlẹ́ṣẹ̀ níbòmíràn. Ẹ gbọ́ ẹnu ọkùnrin!

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń fọ́ kòkó lábà, Ọ̀ṣúndé, alágbàṣe rẹ̀ tó wá láti Ìkìrun, di orí mú. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ń kọ mànà lójú òun, túúlu òun, orí fífọ́ tó máa ń mú ẹ̀gbẹ́ kan, sì ti dé. Ká tó wí, ká tó fọ̀, àdá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Apá náà ń fì dirodiro. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo.

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀!" ni Dúrójaiyé wí. "Bó ṣe ṣe lóṣù tó kọjá nìyẹn, nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ń fi ọwọ́ náà jẹ iyán. Ẹ̀gbà wo ló ń wá kíni tó ń padà lọ? Ọ̀lẹ ni!"

"Ọ̀gá mi, ẹ ṣàánú mi. N ò purọ́."

Dúrójaiyé yọ ògúnná kan nínú iná tí wọ́n fi ń sun iṣu, ó gbé e lé ẹ̀yìn ọwọ́ náà. Ó rò pé bó bá jẹ́ irọ́, yóò fà á kíá. Ọwọ́ náà kò mira. Ọ̀ṣúndé kàn ń wò ó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, òórùn ẹran jíjó sì gba gbogbo abà.

Níbẹ̀ ni Dúrójaiyé ti mọ̀ pé òótọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Ṣùgbọ́n àwọn alágbàṣe yòókù ń wò ó, ìgbéraga kò sì jẹ́ kó tọrọ àforíjì. Nígbà tí ọwọ́ náà tún ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó lé Ọ̀ṣúndé lọ. Ó wá ń sọ kiri Odode pé ògúnná òun ló wo ẹ̀gbà ọ̀lẹ sàn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ń sun ẹran nítòsí rẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́.

Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Lọ́dún kejì, Kíkẹ́lọmọ, ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ké pé ìmọ́lẹ̀ ń kọ mànà lójú òun. Kò pẹ́, apá òsì rẹ̀ rọ. Dúrójaiyé sáré wọ yàrá lọ mú aṣọ tí yóò fi pọ̀n ọ́n. Nígbà tó jáde, Olúbísí ìyàwó rẹ̀ ti fi ẹ̀mú mú ògúnná láàrò, ó sì di ọwọ́ ọmọ náà mú.

"Olúbísí! Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Bàbá Kíkẹ́, ṣebí òun náà lẹ fi wo Ọ̀ṣúndé sàn?"

Dúrójaiyé gbá ẹ̀mú náà dànù, ó wólẹ̀. "Irọ́ ni mo pa! Kò wo nǹkan kan sàn. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo dáná sun!"

Lọ́jọ́ kejì, ara ọmọ yá, ṣùgbọ́n ara baba kò yá. Ó wá Ọ̀ṣúndé lọ sí Òwénà, níbi tí Ọ̀ṣúndé ti ń bá àwọn Aládùúrà jọ́sìn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tó ti jẹ́ alágbàṣe rẹ̀ rí. Àpá iná wà lọ́wọ́ Ọ̀ṣúndé síbẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹ dìde," ni Ọ̀ṣúndé wí. "Dókítà kan sọ fún mi pé ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí ọwọ́, inú iṣan ni iṣẹ́ náà ń gbà. Bí irú túúlu tèmi yìí bá dé, iṣẹ́ náà kì í dé ọ̀dọ̀ ọwọ́. Ọwọ́ mi kò kọ iṣẹ́, kò gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkàn yín gbọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ sì kọ̀."

Dúrójaiyé bú sẹ́kún. "Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìdáríjì tèmi kò lè wẹ ọkàn yín mọ́. Jésù nìkan ló lè ṣe é, ó sì ti ń pè yín."

Níbẹ̀, lórí eruku, Dúrójaiyé jẹ́ ìpè náà. Nígbà tó padà dé Odode, ó lọ láti ilé dé ilé, ó jẹ́wọ́ irọ́ ògúnná fún gbogbo àwọn tó ti bá a rẹ́rìn-ín.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ńkọ́? O kì í mutí, o kì í jalè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni o ti sun? O mọ̀ ọ́n. Ronú pìwà dà lónìí, kí o tó dìde níbi tí o jókòó sí. Ọwọ́ tí kò gbọ́ iṣẹ́ kò jẹ̀bi. Ìwọ ti gbọ́.