Ọwọ́ Tó Dá Dáfídì

Inú afẹ́fẹ́ ni Dáfídì wà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjú sí àjà, nígbà tí Ìbídùn àbúrò rẹ̀ kọ́kọ́ rí Ìyìnolúwa.

Ìbídùn wá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ìpàdé àdúrà ni, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan, n'Ísàlẹ̀ Èkó. Dáfídì ló kọ́kọ́ kọlu Ìyìnolúwa tí wọ́n jọ ń jà, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láàárín itan láti gbé e ṣánlẹ̀. Ìyìnolúwa yẹ̀ díẹ̀, ó sì fi agbára Dáfídì fúnra rẹ̀ dá a. Ọmọkùnrin gíga ni Ìyìnolúwa, ojú rẹ̀ tutù. Ojú yẹn ni Ìbídùn ṣì ń wò nígbà tó gbọ́ ìró ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kán.

Láti ọjọ́ náà, Dáfídì kò lè gbé ọwọ́, kò lè gbé ẹsẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni Ìyìnolúwa ń gun àtẹ̀gùn ilé wọn ní Ìdúmàgbò, láti bá wọn yí aláìsàn náà padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà di egbò. Bó bá kí Bàbá wọn, télọ̀ ará Iléṣà, Bàbá kì í dáhùn. Ìbídùn náà kórìíra rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń wẹ Dáfídì, wọ́n jọ ń kọ orin ìsìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, títí ó fi di pé Ìbídùn ń fetí sílẹ̀ de ẹsẹ̀ Ìyìnolúwa lórí àtẹ̀gùn.

"Ìyìn, ilẹ̀kùn lò ń wò," Dáfídì wí lọ́jọ́ kan. "Omi ni Ìbídùn lọ pọn, kò sá lọ. Yí mi dáadáa."

Lẹ́yìn ọdún kan, Ìyìnolúwa dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Dáfídì, ó ní òun fẹ́ fi Ìbídùn ṣaya. Bàbá ní ẹni tó ba ọ̀kan jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ kò ní mú ìkejì lọ, kó má sì tún gbé ẹsẹ̀ wọ ilé òun mọ́. Ìyìnolúwa dìde láìjiyàn. Ìbídùn bú sẹ́kún.

"Bàbá, ẹ dá a dúró," ni Dáfídì wí. "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé bí wọ́n bá dá wa, ká fi ẹ̀yìn balẹ̀. Mo rí Ìbídùn tó ń wò mí. Ojú tì mí, ni mo bá yí ara, mo forí lọlẹ̀. Ìyìn mọ̀."

Bàbá yíjú sí Ìyìnolúwa. Ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

"Ohun tó kù fún un kò pọ̀, sà. Mi ò fẹ́ tún gba iyì rẹ̀."

Nínú yàrá yẹn ni àlùfáà ti so Ìbídùn àti Ìyìnolúwa pọ̀, nítorí Dáfídì ni ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi òrùka sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí kò lè di nǹkan mú. Bàbá gbé ọwọ́ náà sókè, jẹ́jẹ́, ó sì nà án sí Ìyìnolúwa.