Òkú Omi Tí Wọ́n Gbé Wọ Ìgànná

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin Mọ́ládé ni gààrí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í níyọ̀ lẹ́nu. Ìyá Mọ́ládé fọ agbada, ó pààrọ̀ àpò, síbẹ̀ ẹ̀gẹ́ tó ti wà lábẹ́ òkúta láti àná ṣì ń ṣomi tótótó, nínú ọyẹ́ tó ń la ètè èèyàn.

Ìlú ìgbafẹ́ kan létí òkun nílẹ̀ Íjíbítì ni Mọ́ládé kú sí. Oòrùn kì í wọ́n níbẹ̀, àwọn Òyìnbó sì ń wá síbẹ̀ láti ṣeré lórí omi, kí wọ́n sì wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ wo ẹja. Mọ́ládé ló ń bá wọn ru àgbá afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí. Ọjọ́ kan ni ọkọ̀ dojú dé, òun àtàwọn àlejò bómi lọ. Wọ́n fi pósí tí wọ́n kàn pa ránṣẹ́ sílé ní Ìgànná, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i.

Bàbá Jẹ́ẹ́dé, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Ìyá Mọ́ládé, kọ̀ jálẹ̀ lọ́jọ́ tí pósí náà dé.

"Ìyàwó, ẹni omi bá pa, etí omi là ń sin ín sí. Tó o bá mú un wọlé, omi á wá a wá, kò sì ní í padà lọ́wọ́ òfo."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ilé ni ọmọ mi máa sùn."

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ta ló fẹ́ kọ́mọ òun sùn síta bí ẹran? Àmọ́ olórí kunkun ni obìnrin yìí, ó ti pẹ́. Iwájú ilé ni wọ́n sin òkú náà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà tó ti ń yan gààrí.

Lẹ́yìn gààrí, ó kan Faith, àbúrò Mọ́ládé, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un. Irun rẹ̀ á tutù rinrin tó bá jí. Bó bá wúkọ́, omi gaara ló ń tú jáde.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ lò ń rí lójú oorun?"

"Rárá, Màámi. Ọkùnrin kan ni. Ó ń bi mí ní nǹkan, mi ò gbọ́ èdè ẹ̀."

Bàbá Jẹ́ẹ́dé tún wá, ó rọra sọ̀rọ̀. "Jẹ́ ká wú u. Ro tọmọ tó kù."

Obìnrin náà wo sàréè, ó wo Faith. Àánú òkú ṣe é ju ti alààyè lọ. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí pásítọ̀ wá ṣe àdúrà ìrántí ná.

Kí pásítọ̀ tó wá, Ìyá Mọ́ládé bá Faith lórí ẹní lábẹ́ àtíbàbà, lọ́sàn-án gangan. Omi kún ẹnu rẹ̀, ó kún imú rẹ̀. Kànga àdúgbò ti gbẹ, odò jìnnà, ẹní náà ò sì tutù rárá. Ọmọ náà ti kú ikú omi lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ìgbà yẹn ló tó gbà kí wọ́n wúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò bá ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Ti Bàbá Jẹ́ẹ́dé ò tiẹ̀ dúró dalẹ́. Wọ́n já pósí. Omi kún un dé etí. Òkú inú rẹ̀ ò tíì rà. Irun rẹ̀ gùn, ó pọ́n bí irun àgbàdo, ó ń léfòó. Ọkùnrin Òyìnbó ni.

Òkú olókùú ni wọ́n ṣì gbé fún wọn. Mọ́ládé ṣì wà nínú òkun lọ́hùn-ún, àbí ẹlòmíì ti sin ín sílùú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ létí kòtò, ó wo ojú àjèjì náà títí, ó wá bi Bàbá Jẹ́ẹ́dé jẹ́jẹ́ pé:

"Bàbá, ta ni mo wá pa Faith fún yìí?"