Ẹ̀rínọlá Ṣe Ìwádìí Ọkọ Rẹ̀ Fúnra Rẹ̀

Ẹ̀rínọlá tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde náà, ó kó àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú ìdérí ìgò kí wọ́n má baà sọnù, ó wá yọjú wo inú rẹ̀. Tolúwalàṣẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé e wá láti Kuta, dúró tì í bí ẹni tó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti kú ni?"

"Kò kú. Wáyà kan ló já nídìí. Ẹ máa ń lù ú gan-an ni, àbí?"

"Orin Jésù la fi ń kọ o."

"Mi ò bi yín ní ti ẹ̀sìn. Mo ní ṣé ẹ máa ń lù ú gan-an."

Tolúwalàṣẹ bú sẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá di odindi wákàtí kan, torí gbogbo ohun tí Ẹ̀rínọlá bá fọwọ́ kàn ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Kò sí ẹni tó kọ́ Ẹ̀rínọlá níṣẹ́ títún rédíò ṣe. Rédíò tó ti bàjẹ́ ló máa ń tú, tí yóò fi í wé èyí tó dára títí yóò fi rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Kò sí oníbàárà tó bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀ rí. Nígbà tí Tolúwalàṣẹ fi máa gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, ìfẹ́ ti wọlé.

Tolúwalàṣẹ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Kọ́ládé àti Dàpọ̀, ni wọ́n jọ ń kọrin. Ọ̀wọ̀n Iná ni wọ́n ń pe ara wọn. Orin rọ́ọ̀kì ni, èyí tó le koko, tí gìtá máa ń bú ramúramù, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ Bíbélì ló sì kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà ọyẹ́, wọ́n gbé àwo tuntun jáde, orin mẹ́sàn-án. Oṣù yẹn náà ni Tolúwalàṣẹ ní òun fẹ́ fi Ẹ̀rínọlá ṣaya.

Bàbá Ẹ̀rínọlá, Díákónì Ọlábánjí, kò kọ̀. Wọ́n ṣe bí àṣà ṣe wí, wọ́n rán àbúrò wọn, Fáwọlé, lọ wádìí. Fáwọlé lọ sí Kuta, ó dé Ilé-Ogbó, ó yí Ìwó po. Ó padà wá jíṣẹ́ pé kò sí olè nínú ìdílé ọmọ náà, kò sí wèrè. Àwo tuntun yẹn nìkan ni gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ẹnì kan ní igbe ẹ̀mí èṣù ni. Ẹlòmíràn ní bí irin ṣe ń ha irin ló rí.

"Kó jáwọ́ nínú orin yẹn," Bàbá wí, "tàbí kó jáwọ́ lára ọmọ mi."

Tolúwalàṣẹ gbọ́, ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Olólùfẹ́ mi, bó bá jẹ́ gìtá ni kò ní jẹ́ kí n fẹ́ ọ, màá gbé e sílẹ̀."

"Gbé e sílẹ̀, kí èmi náà gbé ọ sílẹ̀. Odindi ènìyàn ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ àjẹkù."

Ẹ̀rínọlá lọ bá Fáwọlé, ó kúnlẹ̀, ó béèrè ibi tó ti gbọ́ àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Fáwọlé ní inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Fàtáì fi ń gbé èrò ni, nígbà tí òun ń bọ̀ láti Ilé-Ogbó. Ẹ̀rínọlá wá àwọn tí Fáwọlé bá sọ̀rọ̀ kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn márùn-ún, mẹ́rin ló jẹ́ pé inú kẹ̀kẹ́ Fàtáì náà ni wọ́n ti gbọ́ ọ, kò sì sí èyí tó kọjá orin kìíní. Ó wá tú sípíkà kẹ̀kẹ́ náà. Páálí inú rẹ̀ ti ya, Fàtáì sì ti fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́. Orin wo ni kò ní ha níbẹ̀?

Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó kan àpótí sípíkà tó dára sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ra ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ènìyàn wá jókòó. Ẹni tó bá gbọ́ orin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tán ló lè sọ̀rọ̀, ohun tó bá sì sọ ni yóò wọ ìwé.

Bàbá gbọ́, inú bí wọn. Wọ́n béèrè ibi tó ti rí i rí kí ìyàwó máa ṣe ìwádìí ọkọ.

"Ẹ má bínú, Bàbá mi. Èmi ni màá bá a gbé."

Hàbíbátù tó ń lọ ata ní kò sí orin tí ẹ̀rọ òun kì í bò mọ́lẹ̀, èyí nìkan ló bá a dọ́gba. Fàtáì ní Mùsùlùmí lòun, òun ò lè ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ní orin karùn-ún, tí ọmọ náà fi ń bá Ọlọ́run jà lórí ikú ìyá rẹ̀, òun páàkì kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí òun lè fi sípíkà tuntun gbọ́ ọ dáadáa. Adégbọlá òṣìṣẹ́ báńkì ní orin kẹta àti ìkeje jọra jù, ọ̀lẹ ló ṣe é. Olórí akọrin ìjọ wọn ní ariwo ni, òun ò sì ní gbọ́ ọ mọ́ láéláé.

Tolúwalàṣẹ bẹ Ẹ̀rínọlá kó yọ ti ọ̀lẹ yẹn kúrò nínú ìwé. Ẹ̀rínọlá ní kó lọ tún orin keje ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó ka ìwé náà fún Bàbá, ẹni mẹ́tàdínlógún, láìfo ẹnì kan.

"Kí ló dé tí o ka àwọn tó bú u?"

"Tí mo bá yọ wọ́n, kì í ṣe ìwádìí mọ́, sà."

 Bàbá ní kó gbé sípíkà wá. Ní orin kejì, wọ́n fọwọ́ di etí. Ní ìkarùn-ún, wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin.

"Kò wù mí," Bàbá wí. "Ariwo rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rínọlá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àti ariwo àti gbogbo rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ ẹni kejìdínlógún. Ìwádìí parí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹbí Tolúwalàṣẹ dé láti Kuta, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ ní pálọ̀, Bàbá sì ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n wá dá ọjọ́ ìgbéyàwó.