Eré Tí Yésúfù Kọ̀ Láti Sá

Àárín títì gan-an ni Hàbíbátù wà lẹ́bàá Ìpẹ́rù, tó bẹ̀rẹ̀ tó ń ṣa obì, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú kan yọ lókè ọ̀nà. Apẹ̀rẹ̀ ló já lórí rẹ̀. Òjò ti lẹ gèlè mọ́ ọn lórí, obì pupa sì fọ́n ká orí ọ̀dà tó tutù bí ẹni da ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀.

Ọkọ̀ náà ti ń dẹ eré láti òkèèrè. Kò fun fèrè. Ó rọra ń bọ̀ títí ó fi dúró, ó ṣì jìnnà sí i díẹ̀. Ọkùnrin gíga kan sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bá a ṣa obì.

"Ẹ ṣé o, bùrọ̀dá," ni Hàbíbátù wí nígbà tí apẹ̀rẹ̀ kún. Ó wo ọkọ̀ náà, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Arúgbó ọkọ̀ yín yìí, ṣé ó ṣì lè sáré?"

"Ó ń sáré dáadáa. Dídúró ló máa ń pẹ́ ẹ."

"Ìyẹn lẹ ṣe ń rìn bí ìyàwó tuntun?"

"Ká ní mo sáré bí ọkọ ìyàwó ni, èmi nìkan ni ǹ bá máa ṣa obì yìí."

Hàbíbátù bú sẹ́rìn-ín nínú òjò.

Yésúfù lorúkọ ọkùnrin náà, ọmọ àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni òun àti ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1956 yẹn. Òyìnbó kan tó ń padà sílé ló ta ọkọ̀ náà fún un bí ẹni ta àlòkù irin, Yésúfù sì fi ọdún kan àbọ̀ jí i dìde. Ọmọ Bàbá Fàsásì oníṣòwò obì ní Ṣàgámù kan náà ni Hàbíbátù. Láti ọjọ́ náà, kò tún ru obì lọ sọ́jà mọ́; ọkọ̀ Yésúfù ló ń gbé òun àti obì rẹ̀.

Kí wọ́n tó gbéra, Yésúfù á yí ọkọ̀ po, á fọwọ́ tẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì wo ọ̀pá irin tó ń fa búréèkì. Lójú ọ̀nà, àwọn lọ́rì á ya wọ́n sílẹ̀, àwọn èrò ibẹ̀ á sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ṣé kò dùn yín ni?" ni Hàbíbátù bi í.

"Kí wọ́n máa lọ, Hàbí mi. Bí ọkọ̀ yìí bá ti ju máìlì márùndínlógójì ní wákàtí kan lọ, kì í gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu mọ́."

Sàrátù, ìyá Hàbíbátù, fẹ́ràn ọmọkùnrin náà. "Ọkàn mi máa ń balẹ̀ tí ẹ bá jọ jáde," ló máa ń wí.

Nínú oṣù kẹsàn-án, láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Sàrátù. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ikùn rẹ̀ ti le bí pákó, ojú rẹ̀ sì ti wọnú. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní iṣẹ́ abẹ ni, Ìbàdàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá. Gbogbo lọ́rì ti lọ sọ́jà. Hàbíbátù sáré dé Ẹ̀pẹ́ láìwọ bàtà, ó lọ pe Yésúfù.

Bàbá Fàsásì jókòó síwájú pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Orí Sàrátù wà lórí itan ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Òjò ń rọ̀ kíkankíkan.

"Ẹ sáré! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ sáré!"

"Mò ń sá ibi tí agbára rẹ̀ mọ, Hàbí."

Nígbà tí wọ́n kọjá Ògèrè, ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí afárá tóóró kan. Yésúfù bọ́ sí jíà kejì, eré ọkọ̀ sì rọlẹ̀. Sàrátù kérora. Hàbíbátù na ọwọ́ síwájú, ó ń lu Yésúfù léjìká.

"O fẹ́ràn irin yìí ju ìyá mi lọ!"

Kò pe Yésúfù ní "o" rí. Ìdí ọkọ̀ ń yọ̀ lórí omi nígbà náà, gbogbo ara ni Yésúfù fi di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú títí wọ́n fi sọdá.

Dókítà kò tíì fọ ọwọ́ tán n'Ìbàdàn tí Sàrátù fi dákẹ́.

"Ẹ pẹ́ kí ẹ tó gbé e dé," ni dókítà wí. Hàbíbátù kò gbọ́ ohun mìíràn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́rì ni wọ́n fi gbé òkú padà wá sí Ṣàgámù, nítorí ó ní òun kò ní wọ ọkọ̀ Yésúfù láyé.

Wọ́n sin Sàrátù. Yésúfù wá lọ́jọ́ kẹjọ, Hàbíbátù kọ ẹ̀yìn sí i. Ó tún wá lẹ́ẹ̀mejì, kò rí i. Àwọn tó ń kí i ń sọ pé kádàrá ni, pé ọjọ́ ìyá rẹ̀ ló pé. Hàbíbátù á dúpẹ́, á wọlé lọ, á dojú kọ ògiri. Ọ̀rọ̀ wọn kò dé ibi tó ń dùn ún.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ó dìde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó bá Yésúfù lórí àga gbọọrọ níwájú ilé. Ó ti rù. Eruku ti bo gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀.

"Òótọ́ ni mo wá gbọ́," ni Hàbíbátù wí lórí ìdúró. "Ká ní ẹ sáré, ṣé ìyá mi ì bá yè?"

"À bá fi bí ààbọ̀ wákàtí tètè dé. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn ì bá gbà wọ́n là. Ó ṣeé ṣe. Mo rò pé búréèkì ì bá já mi kulẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, kí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sódò. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra, Hàbí. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ara mi."

Láti oṣù mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé òun kò mọ̀. Hàbíbátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì sunkún bí kò ṣe lè sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú. Yésúfù kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn jókòó tì í ni.

Nígbà tó ṣe, Hàbíbátù ní, "Ká ní èmi ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ẹ̀ bá sáré?"

Yésúfù tẹjú mọ́lẹ̀. Ó mọ èsì tí obìnrin ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin tó bá nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Ǹ bá máa sunkún lọ ni. N kì bá tí sáré."

Hàbíbátù wo ojú rẹ̀ títí. Ó fi etí ìborùn nu omijé rẹ̀, ó dìde.

"Bàbá mi máa ń wà nílé lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun," ló wí jẹ́jẹ́. "Kí ẹ̀yin àti àwọn ẹbí yín máa bọ̀."