Pátákó Tí Mo Kọjú Rẹ̀ Sí Àbúrò Mi

Bí ẹ bá dé pápá àdúgbò wa lọ́sàn-án ọjọ́ bọ́ọ̀lù, ẹ kò ní í pẹ́ kẹ́ ẹ tó dá mi mọ̀. Èmi ni ọkùnrin tó máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tútù sáré wọ pápá bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣubú. Aránbàtà ni mí. Láàárín ọ̀sẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ni mò ń lẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọjọ́ ìdíje, Dókítà ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Àwàdà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, èmi náà gbà á gbọ́.

Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Ìpele tó kéré jù nínú líìgì la wà nígbà náà. Kafíńtà ni kóòṣì wa, ẹni tó ń jẹ góòlù fún wa jù ń yan búrẹ́dì, àbúrò mi tá a jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ló sì ń ṣọ́lé. Télọ̀ ni. Òun ló rán gbogbo aṣọ ẹgbẹ́. Á kàn fojú wo èèyàn báyìí, á sì sọ iye ínṣì tí èjìká onítọ̀hún jẹ́, bẹ́ẹ̀ téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìlẹ̀kùn-Irin ni ìnagijẹ rẹ̀, torí bọ́ọ̀lù kì í ráyè gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.

A ní pátákó kan tá a fi ń kọ iye góòlù. Àwọn òǹwòran ló kọjú sí tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ayé ló ń rí pátákó yẹn àfi èmi. Bí mo bá fẹ́ mọ èló sí èló, àfi kí n bi àwọn tó ń bú mi lẹ́yìn àwọ̀n."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo mú òòlù, mo tú pátákó náà, mo sì lọ kàn án mọ́ ògiri tó wà lódì kejì, kó lè kọjú sí ibi tó máa ń dúró sí lẹ́yìn ìsinmi ìlàjì. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kan ìṣó rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa ní àṣà kan. Bí ẹnìkan bá fi orí gbá nǹkan, màá da omi tútù lé e lórí, màá sì bi í pé, "Èló sí èló?" Bó bá dáhùn dáadáa, ó ti yá nìyẹn, kó máa bá eré lọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. A bá a nílẹ̀ ni, a ò sì bi ara wa rí pé ta ló gbé e kalẹ̀.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ìdíje tó kẹ́yìn ọdún ni. Bá a bá borí, a ó gòkè sí ìpele tó tẹ̀ lé e, ibi tí ẹgbẹ́ wa ò dé rí. Alájẹ góòlù wa ti gbá ọ̀kan wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi. Ogún ìṣẹ́jú péré ló kù nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan wá látẹ̀gbẹ́ pápá. Àbúrò mi fò sókè láti mú un. Ọkùnrin gíga kan nínú ẹgbẹ́ kejì náà fò. Ìgbọ̀nwọ́ ọkùnrin náà bá a ní ẹ̀bátí, àbúrò mi sì ṣubú gbì.

Ó ṣe díẹ̀ kó tó ṣí ojú. Mo ti sáré débẹ̀ nígbà náà, mo sì ti da ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì lé e lórí.

Mo ní, "Ìlẹ̀kùn-Irin! Èló sí èló?"

Ojú rẹ̀ ń rìn kiri kọjá èjìká mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọ̀kan sí òdo."

Hòò làwọn èèyàn ń hó. Kóòṣì pè mí láti ẹ̀gbẹ́ pápá.

"Dókítà, ṣé ká pààrọ̀ rẹ̀?"

Aṣọ́lé kejì ti dìde dúró. Ó ti wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tán, ó ń na ẹsẹ̀. Mo juwọ́ sí i pé kó jókòó.

Àbúrò mi rọra sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, orí ń fọ́ mi o."

Mo ní, "Orí ta ni kì í fọ́? Ogún ìṣẹ́jú ló kù, lẹ́yìn náà wàá fi ọ̀sẹ̀ kan sùn. Dìde jàre."

Ó dìde. Ó sì yíjú pa dà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síhà ilé àwọn ẹgbẹ́ kejì. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn fún wa dì í léjìká mú, ó yí i pa dà, ó ní, "Alàgbà, ibí nilé rẹ." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló ròkè jù. Ẹ̀rín yẹn ò kúrò létí mi títí dòní.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà, àbúrò mi bẹ́ sí ẹsẹ̀ alátakò kan láti gba bọ́ọ̀lù. Orúnkún kàn án lórí. Kò tilẹ̀ le, èmi ò gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rárá. Ó dìde fúnra rẹ̀, a sì parí eré náà ní ọ̀kan sí òdo. A borí.

Àwọn èèyàn ya wọ pápá. Wọ́n gbé kóòṣì sórí, wọ́n ń jó. Ìdí òpó ni àbúrò mi jókòó sí. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti bì sára aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán.

Mo ní, "Oòrùn ni. Ẹ bá mi wá omi."

Ìyàwó rẹ̀ tó wá wòran ló kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, tó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Ó wò ó títí.

"Bùọ̀dá, ẹ fi omi yẹn sílẹ̀. Dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ kan tóbi ju ìkejì lọ. Ilé ìwòsàn la ń lọ."

Nígbà tá a fi máa dé ilé ìwòsàn, a ti ń pè é, kò dáhùn mọ́. Wọ́n yí i wọlé lọ lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ń ya sínú agbárí rẹ̀, pé àwọn ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló jókòó tì wá lórí bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó mú bírò àti pépà, ó ní kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́. Mo ṣàlàyé omi, mo ṣàlàyé ìbéèrè. Mo tilẹ̀ fi kún un pé, "Ó mọ̀ ọ́n o, nọ́ọ̀sì. Ọ̀kan sí òdo ló sọ, ọ̀kan sí òdo náà sì ni."

Ó dáwọ́ ìkọ̀wé dúró.

"Bàbá, nígbà tẹ́ ẹ bi í, ṣé ẹ̀yin ló ń wò?"

"Rárá. Ẹ̀yìn mi ló ń wò."

"Kí ló wà lẹ́yìn yín?"

Ìyàwó àbúrò mi ló dá a lóhùn. Ó ní, "Pátákó ni, mà."

Nọ́ọ̀sì ò pariwo mọ́ mi. Ì bá kúkú pariwo.

Ó ní, "Kò rántí, ó kà á ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ká tiẹ̀ ní kò sí pátákó, ìbéèrè kan ṣoṣo ò tó. Ẹlòmíì á dáhùn gbogbo ohun tẹ́ ẹ bi í, ọpọlọ rẹ̀ á sì ti fara pa. Ọpọlọ rọ̀, inú egungun líle ló wà. Bí nǹkan bá gbá orí, ó lè mì jìgìjìgì nínú ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí ojú ọgbẹ́ kankan."

"Omi tútù yẹn ńkọ́?"

"Ara ló ń tù. Kò dé ọpọlọ."

Mo bi í pé kí ló yẹ kí n ṣe. Mo mọ̀ pé omi ti tán lẹ́yìn ẹja, àmọ́ mo ṣáà bi í.

"Kẹ́ ẹ mú un jáde ni. Orí tó ń fọ́ ọ yẹn tó. Bó ṣe ṣìnà yẹn tó. Ọpọlọ tó ti fara pa lẹ́ẹ̀kan kì í lè gba ìkejì lọ́jọ́ kan náà, bó ti wù kí ìkejì kéré mọ. Ṣé ẹ ò ní ẹlòmíì tó lè ṣọ́lé ni?"

"A ní," ni mo wí. Ẹkún ló gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yẹn.

Àbúrò mi ò kú, mo dúpẹ́. Àmọ́ ẹ wá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lónìí, ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Aṣọ ni wọ́n fi bo ojú fèrèsé, torí ìmọ́lẹ̀ ń dun orí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gé aṣọ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi ní òun fẹ́ wọn èjìká mi. Ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbé téèpù, ó tún wọ̀n ọ́n. Nígbà kẹta ló dúró, tó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo ti wọn yín?" Ọkùnrin tó ń fojú lásán wọn èèyàn!

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò tún bi mí ní ìbéèrè mìíràn.

"Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù ọjọ́sí yẹn, èló sí èló?"

"Ọ̀kan sí òdo."

"A borí?"

"A borí."

Inú rẹ̀ á dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Tó bá dọ̀la, yóò tún bi mí.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àmọ́ kò pọn dandan kó jẹ́ tiyín. Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì bíi tèmi, ẹ gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́ mi. Ẹni tó bá fi orí gbá nǹkan, tí orí ń fọ́, tí òòyì ń kọ́, tí ìrìn rẹ̀ ò dọ́gba, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara tàbí tí kò mọ ibi tó wà, ẹ mú un kúrò ní pápá. Kò gbọ́dọ̀ pa dà wọlé lọ́jọ́ náà, kódà bó bá ń bẹ̀ yín, kódà bó bá ń bínú. Kò dìgbà tó bá dákú kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé. Bẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ mú un jáde náà ni.

Bó bá ń bì, tí oorun àìdáa ń kùn ún, tí gìrì mú un, tí dúdú inú ẹyinjú méjèèjì ò dọ́gba, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde létí tàbí nímú, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ́ kó wakọ̀, ẹ má sì fún un lóògùn tí oníṣègùn ò sọ. Oníṣègùn ni yóò sọ ọjọ́ tó máa tún fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, kì í ṣe kóòṣì, kì í ṣe aránbàtà.

Ìpele tá a gòkè sí yẹn la wà báyìí. Mo ti tú pátákó yẹn kúrò lára ògiri, mo sì ti ní kí wọ́n má pè mí ní Dókítà mọ́. Aṣọ́lé kejì ọjọ́ náà ló ń ṣọ́lé fún wa, ó sì ń ṣe dáadáa. Bó bá ti mú bọ́ọ̀lù kan, táwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Aṣọ́lé méjì la ní lọ́jọ́ yẹn. Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní.